Bátìrì Tí Mo Jí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Mùkáílà ni, ẹni tí Ojú Ẹlẹ́gbà dé Ìdí Òró mọ̀ sí Ajíbátìrì. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí máa ń di àpò rẹ̀ mú, ó rò pé èmi ni mo ń jí bátìrì mọ́tò àwọn èèyàn gbé. Rárá o. Jíjí tèmi, bí ìgbà tí ìyá bá jí ọmọ tó sùn fún ilé-ìwé ni. Bátìrì tí gbogbo ayé ti ní ó kú, tí wọ́n ti fẹ́ gbé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń dé kẹ́yìn, á sì dìde.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Mi ò tijú ẹ̀. Àwọn tó kàwé kún yàrá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi rí, tí wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá, torí mọ́tò wọn kọ̀ láti dìde láàárọ̀. Yorùbá ni mo lè kọ, bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu mi náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ orí mi kò ju mẹ́tàléláàádọ́ta lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ti fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá bi mí pé kí ló dé, mo máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí ọ̀nà gbà.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Làmídì ní Múṣin, wọ́n sọ ọdún márùn-ún, ó tán. Owó tí mo rí nídìí ẹ̀ náà kò gùn: mo kọ́lé, mo fẹ́yàwó, àwọn ọmọ mi lọ sílé-ìwé. Ohun tó gùn ni ọ̀gá mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá Làmídì, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ohùn wọn kì í lọ sókè. Wọn kì í nà wá. Ẹ̀rù wọn ju ti ẹni tó ń na èèyàn lọ. Odidi ọdún kan ni wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ orí bátìrì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ásíìdì jẹ ṣòkòtò mi títí tó fi dà bí asẹ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń pọn omi ládùúgbò a máa bi mí pé ṣé n ò ní bá ìyá àwọn sẹ́ ògì.

Lọ́dún kejì ni wọ́n tó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n ní kí n di ojú. Wọ́n gbé ọwọ́ mi lé ara bátìrì tó ń gba iná. Bátìrì mọ́tò ní ilé mẹ́fà nínú. Wọ́n ní kí n fi ìka ka ilé náà níkọ̀ọ̀kan, kí n sọ èyí tí iná kò dé. Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé e, kò pẹ́ rárá, wọ́n ní ilé kẹrin ni. A ṣí i, ilé kẹrin náà ni. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ní ojú. Ẹni tó bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún méjì, kí wọ́n tó gbé orí sókè wò ó ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọwọ́, ó kan etí. Wọ́n ní bátìrì tó ń gba iná dà bí ìkòkò orí ààrò: tó bá kún, á máa hó. Wàá gbé etí sún mọ́ ọn, wàá gbọ́ ṣìṣìṣì nínú rẹ̀, bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń rọ̀ sórí páànù. Tó bá ti ń hó, ó ti yó. Yọ wáyà, kí o dúpẹ́. Ohùn yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Títí di òní, tí omi bá ń hó ní kíṣìnì ìyàwó mi, inú mi á kọ́kọ́ dùn, kí n tó rántí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. O kò gbọ́dọ̀ ní bátìrì kú. Ó sùn ni kí o ní. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan gbé bátìrì wá nígbà tí ọ̀gá lọ kírun àárọ̀. Mo wò ó, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní, bọ̀ọ̀dá, eléyìí ti kú. Ọ̀gá dé sẹ́yìn mi, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé bátìrì náà lé mi lórí itan méjèèjì, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo pa á, kí èmi náà gbé òkú mi. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, mi ò mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ mọ́.

Wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n fọ̀ ọ́ nílé nílé, wọ́n bu ásíìdì tuntun sí i, wọ́n fún un ní iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún ọjọ́ méjì, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé bátìrì tírélà wá, wọ́n fi wáyà gbọ̀ngbọ̀n méjì so ó mọ́ ọn, iná ńlá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ọ̀sán, wọ́n ní kí n gbé etí lé e. Ó ń hó. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Mùkáílà, òkú kì í hó.”

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe òmìnira mi. Kò sí ohun tó kú. Ẹni tó bá ní ó kú ni kò mọ iṣẹ́.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà, orúkọ mi sì tàn. Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu. Ẹni tó ní ẹṣin tó gùn ún, ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ kó fi máa rìn? Láàárín ọdún mẹ́wàá, kò sí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe tí kò mọ ọ̀nà mi. Ọkọ̀ kan tó gbé òkú lọ fún ìsìnkú kọṣẹ́ ní Ìgànmú lọ́jọ́ kan, bátìrì rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá, àwọn mẹ́kánííkì méjì ti dé ibẹ̀ tí wọn kò rí i ṣe. Wọ́n wá pè mí. Mo jí i láàárín wákàtí kan. Awakọ̀ náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Ọ̀gá Ajíbátìrì, kí n jọ̀ọ́ kí n bá àwọn wo èrò tó wà lẹ́yìn náà. Àwọn olókùú pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi gbọ́ nípa rẹ̀ ní Múṣin. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ àwọn ni mí lóòótọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ yẹn, kò lè dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ṣájà wa tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, á máa kùn bí agbọ́n. Ó di ìgbà kan, bátìrì tí a kì í ṣí dé. Wọ́n dí orí rẹ̀ pa, kò sí ihò tí èèyàn máa bu omi sí. Etí àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín níyì. Lẹ́yìn náà ni àwọn wẹ́wẹ́ tò dé. Iná ìjọba kò dúró, olúkúlùkù ra fáànù tó ń gba iná pamọ́, àtùpà tó ń gba iná pamọ́, rédíò tó ń gba iná pamọ́. Tí o bá tú wọn, ohun tí wàá bá níbẹ̀ ni bátìrì lítíọ́mù, ẹyọ kan péré, ó rí rogodo, ó gùn bí àtàǹpàkò. Bátìrì mọ́tò máa ń wọni lọ́rùn. Eléyìí, àpò ṣẹ́ẹ̀tì gbà á. Èmi tí mo ń jí bátìrì tírélà, mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Mo ń já wáyà ṣájà fóònù, mo ń so ó mọ́ ọn lórí báyìí, ó ń gba iná. Mo ní iṣẹ́ ọmọdé ni.

Tóyìn ló dá mi lẹ́kun. Ọmọbìnrin kan ni, ó ń gbé ní Yábàá, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Sábó. Ó gbé bátìrì mọ́tò rẹ̀ wá, ó rí àwọn ẹyọ bátìrì tí mo tò sórí tábìlì pẹ̀lú wáyà ìhòòhò, ó sì sún sẹ́yìn títí ó fi dé ojú títì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló bí yín nínú tí ẹ fi fẹ́ sun àdúgbò?”

Mo bi í pé kí ni obìnrin tó wọ sálúbàtà aláwọ̀ ewé mọ̀ nípa bátìrì. Ó ní òun máa ń fi wọ́n wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí òun fúnra òun kàn, ní pápá, fún ìgbádùn lásán. Mo ní, ẹ̀ẹ́n, Kápítéènì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Kápítéènì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ṣájà kan wá fún mi, èyí tí kò lò mọ́. Kò ju páálí ọṣẹ lọ. Ó ní ojú kékeré tó ń tàn, bọ́tìnnì mẹ́rin, wáyà pupa àti dúdú. Ó tún máa ń han fíìn, bí òròmọdìyẹ.

Ọjọ́ kan ni mo fi mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó kàwé á lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Wàá kọ́kọ́ sọ irú bátìrì tó jẹ́ fún un, pé lítíọ́mù ni. Wàá sọ iye tó jẹ́ fún un: ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni Tóyìn ti fa etí mi jù, ó ní tí mo bá fi lè tẹ méjì fún ẹyọ kan, á fún un ní ìlọ́po méjì oúnjẹ rẹ̀, ikùn rẹ̀ á bẹ́. Wàá sọ bí iná tó máa wọlé ṣe máa lágbára tó. Kó má ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí ara bátìrì lọ. Wàá gbé e sínú ìkòkò amọ̀, wàá sì jókòó tì í. Nígbà tí iná inú rẹ̀ bá dé fólítì mẹ́rin àti díẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á dúró, á han. Tí èyí tó o gbé wá bá ti ṣófo jù, tí kò tó méjì ààbọ̀, ẹ̀rọ náà á kọ̀ ọ́. Á kọ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú, á han lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní kí ni Gẹ̀ẹ́sì náà ń wí. Ó ní ó ń wí pé eléyìí ti kú.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Mo ní bátìrì kì í kú. Ó ní eléyìí máa ń kú, tí èèyàn bá sì fi tipá jí i, ó lè gba iná, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ibi tó bá wù ú ló ti máa gbiná. Ó wá fi bébà lẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó kọ ọ́ ní Yorùbá kí n lè kà á: Tó bá kọ̀, ẹ gbà fún un.

Ó ti ń lọ, ó tún padà wá bi mí báwo ni mo ṣe máa ń mọ̀ pé bátìrì mọ́tò ti kún. Mo fi yangàn, mo ṣàlàyé híhó fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kì í hó o, eléyìí kì í hó. Tí mo bá gbọ́ tó ń hó, kí n jù ú nù, kí n sá.

Ọdún méjì ni mo fi lo ẹ̀rọ náà láìsí wàhálà. Mo tún di ẹni tí wọ́n ń wá. Àwọn ọmọ Yábàá tó kàwé ń gbé àtùpà wọn wá bá mi, wọ́n ń wò mí tí mo ń tẹ bọ́tìnnì bí oníṣègùn òyìnbó. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ̀, mo ń bò ó mọ́ inú iyanrìn.

Láàárín ìgbà yìí, ojú ọ̀gá mi ti ń lọ. Kò sí àìsàn tí a lè tọ́ka sí, ọjọ́ orí ni. Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Ọ̀dọ̀ Kúdírá ọmọ wọn ni wọ́n wà, ní Múṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí wọn kò ní sọ pé afọ́jú ni. Wọ́n ń fi ìka tọ ògiri láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà, wọ́n ń fi ìka mọ owó. Mo máa ń lọ kí wọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mi ò ní sọ̀rọ̀, màá kàn na ọwọ́. Wọ́n á fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n á ní, “Ajíbátìrì, o ti rù.”

Rédíò kan ni ayé wọn. Kúdírá ló rà á lọ́jà. Àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìròyìn, wáàsí, eré bọ́ọ̀lù, ó wà létí wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo dé ibẹ̀, rédíò kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kúdírá ti gbé e so mọ́ iná títí, kò gbà. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan, Bàbá Bọ̀dé, tó ti ṣe iṣẹ́ bátìrì rí, jókòó síbẹ̀. Ó ní kí Kúdírá ra bátìrì tuntun sí i, pé àwọn tòde òní yìí, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀gá mi ní, “Mùkáílà máa jí i. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Bátìrì tuntun kò wọ́n. Mo ní in nínú dúrọ́ọ̀ mi pàápàá, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí n kàn fi ọ̀kan rọ́pò, kí n panu mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibí ni kí ẹ ti dúró wò mí. Mi ò fẹ́ èyí tuntun. Ẹyọ yẹn gan-an tí ọ̀gá mi fi ẹnu jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Bàbá Bọ̀dé ni mo fẹ́ jí.

Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo so wáyà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ wò ó, ó han lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún un so. Ó tún kọ̀. Mo fi mítà tó ń wọn iná wò ó, kò tó fólítì kan ààbọ̀. Mo mú ẹyọ mìíràn tó kún, mo so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, bí ọ̀gá mi ṣe so bátìrì tírélà lọ́jọ́sí. Mo ka àádọ́ta. Mo tún fi mítà wò ó: ó ti dé mẹ́ta. Mo gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gbà á. Inú mi dùn bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Nígbà tó kún, mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo ní ooru Èkó ni.

Bébà Tóyìn wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó ń wò mí. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí ògiri.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, rédíò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n pe Bàbá Bọ̀dé wá. Wọ́n ní ṣé ó gbọ́ ohun tí ọmọ àwọn ṣe. Gbogbo àgbàlá gbọ́ nípa mi lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, Kúdírá so rédíò mọ́ iná lọ́dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti sá aṣọ. Ọ̀gá mi nìkan ló jókòó. Ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi nílé ìwòsàn ni mò ń sọ fún yín yìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn kan nínú rédíò, ṣìṣìṣì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé e, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú un sún mọ́ etí. Ó ń hó.

Wọ́n ní, “Mo gbọ́ tó ń hó, Mùkáílà. Mo ní ọmọ mi jí i dáadáa.”

Iná náà kò jó ilé. Ọwọ́ ni ó jó. Kúdírá sáré dé, ó fi aṣọ tútù bò ó, ṣùgbọ́n ike rédíò ti yọ́ mọ́ wọn lára. Oṣù méjì ni wọ́n fi wà nílé ìwòsàn. Etí jinná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jinná. Ọwọ́ náà jinná pẹ̀lú, ṣùgbọ́n awọ tó bò ó nípọn, ó ń dán, ó fa àwọn ìka wọlé bí ewé tí oòrùn pa. Kò mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi í kan ògiri, wọn kò mọ̀ pé ògiri ni. Tẹ̀sùbáà ń bọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n padà dé ilé, mo na ọwọ́ sí wọn bí ìṣe mi. Wọ́n pa á, wọ́n tún un pa. Wọ́n ní, “Ta nìyí?”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Tóyìn wá, mo da ẹ̀rọ rẹ̀ padà fún un, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó bi mí kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní ọjà kò tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó le. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹni náà kọ́ ohun tó wà nígbà tirẹ̀ ni. Ohun tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ tó o rí i ló yẹ kí o padà lọ sọ fún un. Ìtìjú kọ́ ni. Èmi ka á sí ìtìjú.

Ohun tó pa mí jù kò tíì jáde. Ọ̀gá mi kò mọ̀ pé bátìrì ni. Kúdírá ní ayédèrú rédíò ni wọ́n tà fún òun, gbogbo ilé sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá dé ibẹ̀, lẹ́yìn àdúà, ọ̀gá mi á ṣépè. Èèyàn tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n á ní ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe rédíò yẹn, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbé ohun rere dé ẹnu. Kúdírá á ní Àmín. Bàbá Bọ̀dé á ní Àmín. Wọ́n á máa retí ohùn tèmi. Èmi náà á ní Àmín.

Mo ṣe é ní Jímọ̀ mẹ́fà. Tí mo bá délé, màá wo ọwọ́ mi lórí oúnjẹ.

Ní Jímọ̀ keje, Bàbá Bọ̀dé kò wá. Kúdírá wà ní kíṣìnì. Ọ̀gá mi parí àdúà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èpè náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọn kò lè rí i, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má ṣépè yẹn mọ́. Èmi ni.”

Wọ́n ní, “Ìwọ ni kí ni?”

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pé ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pé mo mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń wí. Pé mo ní tuntun nínú dúrọ́ọ̀. Pé mo fi tipá jí i torí kí ọ̀rọ̀ wọn má baà bọ́ sílẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ wọn, àti torí èmi náà fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú wọn kò yí.

Wọ́n wá ní, “Híhó tí mo gbọ́ ńkọ́?”

Mo ní bátìrì yìí kì í hó tó bá kún. Tó bá ń hó, ó fẹ́ gbiná ni. Mo ní ẹni tó fún mi ní ẹ̀rọ ti sọ fún mi.

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún ọ?”

“Ó ti lé lọ́dún méjì, Ọ̀gá.”

Mo ń gbọ́ Kúdírá tó ń fọ abọ́. Wọ́n ní, “Ọdún méjì. Jímọ̀ mélòó nìyẹn, Mùkáílà?”

Mi ò lè kà á. Ojú mi ń ṣomi, imú mi wà lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní kí wọ́n lé mi, kí wọ́n ṣépè náà kí wọ́n dárúkọ mi sí i. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá bá àwọn gbé ọwọ́ sókè, torí pé kò ṣí dáadáa mọ́, Ọlọ́run kò sì gbọ́dọ̀ rò pé àwọn di ẹ̀ṣẹ́ sí Òun.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo mú ọwọ́ méjèèjì láti ìsàlẹ̀, mo tẹ́ àwọn ìka náà níkọ̀ọ̀kan, mo gbé e sókè. Ó fúyẹ́. Wọ́n bẹ Ọlọ́run pé kó dá gbogbo èpè náà padà láti ibi tó ti dé, kó má kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n bẹ̀ Ẹ́ fún ọwọ́ mi. Wọ́n dárúkọ mi, wọ́n dárúkọ bàbá mi tó kú, wọ́n ní kí ọwọ́ mi gbé ohun rere dé ẹnu títí ọjọ́ alẹ́ mi.

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí.

Èmi tí mo ti ṣàmín sí èpè ní Jímọ̀ mẹ́fà, mo la ẹnu, kò sí ohùn níbẹ̀. Kúdírá ló bá mi ṣe é láti kíṣìnì. Ó ní Àmín, kò sì tíì mọ ohun tó ń ṣàmín sí.